Grand-Popo: ìlú tí odò Mono bí, tí òkun ń jẹ

Bí Pẹ́ńtíkọ́sì bá ti ń súnmọ́, ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn láti Kútọnu máa ń kún fọ́fọ́. Grand-Popo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ. Àwọn kan ń lọ wo òkun, àwọn kan ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò, àwọn mìíràn ń lọ jẹ ẹja tútù lábẹ́ igi àgbọn. Àwa olùkọ́ náà máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀ fún ìgbafẹ́.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá padà délé, tí bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló rí, ohun tó máa ń sọ kò ju pé: "Mo rí òkun, mo rí yanrìn." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ibi tí a ti ń ṣeré ní Grand-Popo ni àwọn kan ti ṣiṣẹ́ rí, tí àwọn kan sá wá fi orí pamọ́ sí, tí àwọn kan sì ti pàdánù ilé wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa fojú ibi ìgbafẹ́ lásán wo ìlú náà. Ìlú tí a bá sì ń fojú bẹ́ẹ̀ wò, ó rọrùn láti bà á jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n kọ ìtàn rẹ̀ síbí lónìí, kí ẹni tó bá ń lọ lè mọ ibi tó ń tẹ̀.

IBI TÍ ÌLÚ NÁÀ WÀ

Grand-Popo wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bẹ̀nẹ̀, ní ẹkùn Mono. Láti Kútọnu, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 85 lójú títì tó ń lọ sí Tógò, ibodè Hilla-Condji kò sì jìnnà sí i mọ́. Orí yanrìn tóóró kan ni ìlú náà jókòó sí. Òkun ńlá wà ní gúúsù rẹ̀, odò wà ní àríwá. Láwọn ibì kan, ẹni tó dúró ní etí òkun lè fẹsẹ̀ rìn dé etí odò kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Odò Mono gùn ju kìlómítà 400 lọ. Láti òkè lọ́hùn-ún ní Tógò ló ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba ìlà-oòrùn Atakpamẹ kọjá, níbi tí àwọn ará wa tó ń sọ Ifẹ̀ ń gbé. Nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀ sí i, òun ló di ààlà láàárín Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Bó bá wá kù díẹ̀ kí ó dé òkun, yanrìn dí i lọ́nà. Kò lè já sínú òkun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ni ó bá yí sí ìlà-oòrùn, tí ó ń bá òkun rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, títí ó fi rí àyè já ní tòsí Avlo, níbi tí àwọn Faransé ń pè ní Bouche du Roy, èyí ni Ẹnu Ọba. Ẹnu odò yìí kì í dúró lójú kan. Yanrìn ń tì í, omi ń tì í, ó ń ṣí kiri.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: odò kan ń wá ọ̀nà, òkun kan ń ti yanrìn, ìlú kan sì há sáàárín àwọn méjèèjì. Gbogbo ìtàn Grand-Popo wà nínú rẹ̀.

ORÚKỌ PÓPÓ, ÀTI ÀWA

Ẹni tó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rí ohun tó lè yà á lẹ́nu níbẹ̀. Nígbà tí Johnson ń ka àwọn ọmọ Ọ̀kànbí, ọmọ Odùduwà, ó mẹ́nu ba méje. Olówu, Alákétu, ọba Bìní, Ọ̀ràngún Ìlá, Oníṣábẹ̀, Olúpópó, àti Ọ̀rányàn. Ẹ wò ó dáadáa: mẹ́ta nínú méje yẹn, ìhà tiwa níbí ni wọ́n wà. Alákétu ni, Oníṣábẹ̀ ni, Olúpópó ni. Ìtàn náà tún sọ bí wọ́n ṣe pín ogún. Alákétu kó adé, Oníṣábẹ̀ kó ẹran ọ̀sìn, Olúpópó sì kó ìlẹ̀kẹ̀.

Ta ni Olúpópó? Lẹ́nu Yorùbá àtijọ́, Pópó ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ará etí òkun tí èdè wọn bá ti Ègùn àti ti Fọ̀n tan. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, orúkọ náà ni wọ́n gbọ́, òun ni wọ́n sì kọ sínú ìwé wọn. Nítorí pé ìlú méjì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ Aného tó wà ní Tógò lónìí di Pópó kékeré, wọ́n sì sọ èyí tó wà létí odò Mono di Pópó ńlá. Ìyẹn ni Grand-Popo.

Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ fúnra wọn kì í pe ara wọn ní Pópó. Xwla ni wọ́n ń jẹ́. Ìtàn tiwọn sì ni pé Tado ni wọ́n ti wá, ìlú àwọn Aja tó wà ní Tógò, wọ́n sì tẹ̀lé odò Mono sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun. Agbanakin, tí kò jìnnà sí Grand-Popo, ni ìjókòó ọba wọn.

Àwọn kan á béèrè pé, èwo wá ni òótọ́ nínú ìtàn méjèèjì? Bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni n ó ṣe sọ ọ́ níhìn-ín. Ìtàn Tado ń sọ ibi tí àwọn Xwla ti ṣẹ̀. Ìtàn Johnson ń sọ bí àwọn Ọ̀yọ́ ṣe rí ayé láti ààfin wọn: wọ́n rí àwọn tó di etí òkun mú gẹ́gẹ́ bí ìbátan tí a kò gbọ́dọ̀ bá jà, nítorí ọ̀nà ọjà gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ní Olúpópó jogún kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ wà lára ọjà tí wọ́n mọ etí òkun yìí mọ́ láyé àtijọ́.

ÀWỌN ALÁPẸJA ÀTI ÀWỌN OBÌNRIN ONÍYỌ̀

Kí òyìnbó tó dé, kí ni àwọn Xwla ń jẹ? Ẹja ni, àti iyọ̀. Iyọ̀ yẹn ni ẹ jẹ́ kí n dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwọn obìnrin ṣì ń ṣe é di òní ní etí ọ̀sà, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìhà Ẹnu Ọba lè rí wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà á fà sẹ́yìn, iyọ̀ á sì hàn lójú ilẹ̀. Àwọn obìnrin á fá ilẹ̀ oníyọ̀ náà jọ, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ńlá, wọ́n á da omi lé e lórí. Omi tó bá jò sílẹ̀, iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀ gan-an. Òun ni wọ́n á gbé kaná, wọ́n á sè é títí omi á fi gbẹ tán, iyọ̀ á wá jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Iṣẹ́ èéfín ni, iṣẹ́ oòrùn ni. Iyọ̀ yìí àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń gbé lọ sí òkè fún àwọn tí kò mọ òkun rí, àgbàdo àti iṣu ni wọ́n sì ń gbà bọ̀. Ọkọ̀ igi ni wọ́n fi ń rìn. Láti Grand-Popo, ènìyàn lè gba ojú ọ̀sà dé ìhà Wídà láìfi ojú kan òkun.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí àwa ń san owó wọ̀ láti fi gbatẹ́gùn lónìí, mọ́tò ìlú ni láyé ìgbà yẹn. Ọkọ̀ ọjà ni, ọkọ̀ ìyàwó ni, ọkọ̀ òkú ni.

NÍGBÀ TÍ OMI DI ODI

Ní 1727, ogun Dàǹhọ̀mẹ̀ lábẹ́ ọba Agaja kọlu ìlú Savi, olú ìlú àwọn Xwéda, ní ìhà Wídà. Wọ́n jó o. Ọba Xwéda, Huffon, sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì fara pamọ́ sí àwọn erékùṣù inú ọ̀sà nítòsí Grand-Popo. Àwọn ọmọ ogun Dàǹhọ̀mẹ̀ mọ ilẹ̀ jà, wọn kò mọ omi. Ibi tí ọkọ̀ igi nìkan lè dé, ìbọn wọn kò tó o. Báyìí ni àwọn Xwéda ṣe wà láyé, tí wọ́n ń bá àwọn Xwla gbé, tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn, títí tí ìbátan fi wọ inú ara wọn.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún yín. Ní 1886, nígbà ayé Glèlè, ogun Dàǹhọ̀mẹ̀ kan náà ló wó Kétu palẹ̀, tó kó àwọn ènìyàn lọ sí ìgbèkùn. Kétu ní odi àti yàrà, Akaba Idẹna sì wà níbẹ̀ di òní tó ń jẹ́rìí. Àwọn ti etí Mono kò mọ odi. Omi ni odi wọn. Bí a bá ń wakọ̀ lọ láàárín àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn, tí àwọn ọmọ ń pariwo pé ó dùn, ó yẹ kí àgbà kan sọ fún wọn pé àwọn kan ti dákẹ́ rọ́rọ́ sí ibí yìí rí, kí ọ̀tá má baà gbọ́ ohùn ọmọ wọn.

Kí a sì sọ òótọ́ pátápátá: etí òkun yìí kan náà ni wọ́n ti ta ènìyàn. Wídà ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó dúró ní iwájú Grand-Popo náà, ó sì kó ènìyàn lọ.

AGOUÉ, NÍBI TÍ ÀWỌN TÓ LỌ TI PADÀ

Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kó lọ padà wá. Agoué, tó wà lábẹ́ kọmúnù Grand-Popo lónìí, jẹ́ ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní 1821 látọwọ́ àwọn tí ìjà lé kúrò ní Aného. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn láti Bàhíà ní Bùràsíìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí i, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ṣe ní Bàhíà ní 1835. Wọ́n lé àwọn kan kúrò, àwọn mìíràn sì fúnra wọn wá ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n kọ́lé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Bùràsíìlì. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn Kátólíìkì kí àwọn àlùfáà mísọ́n tó dé bá wọn, àwọn Mùsùlùmí wọn náà sì ní tiwọn.

Àwọn Nàgó wà nínú wọn, èyí ni pé àwọn tó ń sọ èdè tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ bíi d'Almeida, da Silva, da Costa, àwa ará Àjàṣẹ́ gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ìdílé wọ̀nyí ní ẹ̀ka ní etí odò Mono pẹ̀lú. Èyí tó ń lọ ṣeré ní Grand-Popo tí kò yà sí Agoué, ó fi ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ni.

EPO, FARANSÉ ÀTI ÀÀLÀ

Nígbà tí òwò ẹrú ń kú lọ, epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ rọ́pò rẹ̀. Odò Mono di ọ̀nà epo. Ọkọ̀ igi ń kó àgbá epo bọ̀ láti òkè, àwọn ilé òwò òyìnbó tò lọ bẹẹrẹ ní etí òkun Grand-Popo, àwọn atukọ̀ sì ń gba àárín ìgbì líle kọjá lọ bá ọkọ̀ òkun tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí kò sí èbúté gidi. Ìgbì tó ń fọ́ létí òkun yìí, tí àwọn Faransé ń pè ní la barre, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré. Iṣẹ́ akíkanjú ni wọ́n ka rírékọjá rẹ̀ sí.

Ọdún 1880 sí 1889 ni Faransé fìdí múlẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí Jámánì náà ń gba ilẹ̀ ní ìhà Aného. Àdéhùn tí àwọn méjèèjì ṣe ní 1897 ló fi ààlà náà sí ibi tó wà lónìí. Ẹ wá wo ohun tí ààlà yẹn ṣe: Agbanakin, ìjókòó ọba Xwla, bọ́ sí Tógò, Grand-Popo bọ́ sí Dahomey. Ìlú ṣẹ́kù síbí, ààfin wà lọ́hùn-ún. Àwa tí ààlà gba àárín wa kọjá, tí Kétu ń wo Mẹ̀kọ, tí Ṣábẹ̀ ń wo Ṣakí, a mọ bó ṣe ń dunni.

Ohun tó wá pa òwò Grand-Popo ni Kútọnu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1890 sí 1899 ni Faransé ti kọ́ afárá irin tó wọ inú òkun ní Kútọnu, kí ẹrù lè sọ̀kalẹ̀ láìsí pé ọkọ̀ igi ń bá ìgbì jà. Ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu, ó gba Ṣábẹ̀, ó sì dé Parakou ní 1936. Kò gba Grand-Popo. Nígbà tí èbúté Kútọnu gidi wá ṣí ní 1965, ọ̀rọ̀ ti parí. Ilé òwò tì, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

ÒKUN Ń JẸ ÌLÚ

Ẹni tó bá dé Grand-Popo tó ní kí wọ́n fi ìlú àtijọ́ hàn án, òkun ni wọ́n máa nàka sí. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti wọmi. Ibi tí wọ́n ti ń wọn epo, ibi tí àwọn oníṣòwò kọ́ ilé alájà sí, ìgbì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Kí ló fà á? Òkun wa níbí máa ń kó yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, lójoojúmọ́, láìsinmi. Bó ṣe ń kó ti ibí lọ ni ó yẹ kó máa gbé òmíràn dé. Ní 1965, wọ́n parí ìdídò Akosombo ní Gánà, yanrìn tí odò Volta máa ń gbé wá sí òkun bá há sẹ́yìn rẹ̀. Ní 1968, èbúté Lomé ṣí, ògiri òkúta rẹ̀ sì dá yanrìn dúró ní ìhà tirẹ̀. Ní 1987, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ parí ìdídò Nangbéto lórí odò Mono fúnra rẹ̀. Òkun ṣì ń kó tiwa lọ, èyí tó yẹ kó fi rọ́pò rẹ̀ kò dé mọ́. Bí owó tí à ń ná tí kò sí èyí tó ń wọlé ni.

Nangbéto fún wa ní iná mànàmáná, a kò sẹ́. Àmọ́ ó yí ìwà odò padà. Tẹ́lẹ̀, odò máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, ọ̀sà á ní iyọ̀. Ní báyìí, omi dídùn ń bọ̀ láti òkè yípo ọdún. Àwọn obìnrin oníyọ̀ mọ̀ ọ́n, àwọn apẹja mọ̀ ọ́n, nítorí ẹja tó fẹ́ iyọ̀ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìjọba méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti dáàbò bo etí òkun láti ìhà Tógò wá sí Grand-Popo, lábẹ́ ètò WACA tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018. Àwọn òkúta tí ẹ ń rí tó wọ inú omi ní ìhà ibodè, iṣẹ́ ìgbàlà ilẹ̀ ni. Kí àwọn ọmọ wa mọ ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gùn wọ́n ya fọ́tò.

ÌGBAFẸ́ TÍ ÀWỌN ARÁ ÌLÚ DÁ SÍLẸ̀ FÚNRA WỌN

Ọ̀pọ̀ rò pé òyìnbó ló sọ Grand-Popo di ibi ìgbádùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1921, ọdún kan náà tí ìwé Johnson jáde, àwọn ọmọ Xwla àti Xwéda dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nonvitcha. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìṣọ̀kan ọmọ ìyá. Òwò ti ń lọ, àwọn ọmọ ti ń fọ́nká sí Kútọnu, sí Lomé, sí ibi gbogbo tí iṣẹ́ wà. Wọ́n wò ó pé bí àwọn kò bá yan ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn á padà wálé, ìlú á tú. Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n yàn. Lọ́dọọdún láti ìgbà náà, àwọn ọmọ ìlú ń padà wá, wọ́n ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ń parí aáwọ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jó ní etí òkun. Ní 2021, ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nítorí náà, èrò tí ń kún etí òkun Grand-Popo ní Pẹ́ńtíkọ́sì, ìpàdé ẹbí ló bí i. Àlejò ni àwa tí a wá bá wọn ṣe é. Ó yẹ kí a hùwà bí àlejò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn nǹkan mìíràn dé. Láti ìgbà tí òfin 1997 ti kọ́kọ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ní oṣù kìíní fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, etí òkun Grand-Popo máa ń kún nígbà àjọ̀dún náà, Zangbétò á jáde, á máa yí bíi òòyì. Àwa tí a mọ Orò àti Egúngún, a mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ òru ni Zangbétò ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe eré lásán. Ní 2000, Villa Karo, ilé àṣà tí àwọn ará Finland dá sílẹ̀, ṣí nínú ilé àtijọ́ kan ní ìlú náà. Ìwé wà níbẹ̀ fún ọmọ ìlú láti kà, wọ́n sì máa ń fi fíìmù hàn níta gbangba.

LÓRÍ ODÒ

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe ní Grand-Popo, n ó ní kí ó kọ ẹ̀yìn sí òkun ná, kí ó lọ sí odò. Ẹ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ìlú náà dúnàádúrà, kí wọ́n tù yín lọ sí ìhà Avlo àti Ẹnu Ọba. Ẹ ó rí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ akàn, èyí tí a kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ pé palétuvier ni. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹja ń bímọ sí, òun ló sì ń di ilẹ̀ mú kí omi má kó o lọ. Ẹ ó rí ẹyẹ oríṣiríṣi. Lápá ìparí ọdún, àwọn ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn, àwọn ọmọ ìlú kan sì ń ṣọ́ ẹyin náà kí wọ́n lè pa, kí àwọn ọmọ rẹ̀ padà sínú omi.

Ní 2017, UNESCO kọ gbogbo agbègbè odò Mono yìí, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò pọ̀, sínú ìwé àwọn ilẹ̀ tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ó wú mi lórí pé ààlà tí Faransé àti Jámánì fà ní 1897, odò ti tún so ìhà méjèèjì pọ̀ lórí ìwé.

Ṣùgbọ́n igi yẹn ń dínkù. Wọ́n ń gé e fi dáná, wọ́n ń gé e fi se iyọ̀ àti fi yan ẹja. Ẹja yíyan tí àwa àlejò ń jẹ pẹ̀lú ìgbádùn, igi ló sè é. Kì í ṣe pé kí a má jẹ ẹ́. Kí a béèrè ibi tí igi náà ti wá ni, kí a sì san owó tó yẹ fún ẹni tó ń fi igi tí wọ́n gbìn dáná.

Ọ̀RỌ̀ KAN FÚN ÀWỌN ÒBÍ ÀTI OLÙKỌ́

Òkun Grand-Popo kò yàtọ̀ sí èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́. La barre ṣì wà níbẹ̀. Ìgbì á gbé ènìyàn ṣubú, omi tó ń padà á sì fà á lọ sí inú kí ó tó dìde. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú odò Ọ̀pàrá kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú òkun yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan wọ inú òkun kọjá kókósẹ̀. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wọ inú odò náà, ẹ bi àwọn apẹja léèrè. Bí apẹja bá ní "ẹ má wọ̀ ọ́ lónìí", kò ní ìdí láti parọ́ fún yín. Kí gbogbo ọmọ wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ọkọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní, ẹ wá òmíràn.

Ẹ má ṣe kó yanrìn etí òkun lọ sílé, bó ti wù kó kéré mọ. Ìjọba ti fòfin de wíwa yanrìn òkun, ẹ sì ti rí ìdí rẹ̀ lókè. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ẹ ń bù lọ.

KÍ NI ÀWA FẸ́ FI KỌ́GBỌ́N?

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Àwọn Xwla àti Xwéda pàdánù Savi, wọ́n pàdánù òwò, ààlà pín ọba wọn kúrò lọ́dọ̀ wọn, òkun jẹ ilé wọn. Síbẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ kan láàárín ọdún tí gbogbo ọmọ wọn mọ̀ pé ilé ni àwọn ń lọ. Ọjọ́ yẹn ló ń gbé ìlú ró lónìí, nítorí owó tí àwọn àlejò ń ná ní Grand-Popo, orí ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1921 ló dúró sí.

Àwa náà ní odò. Odò Wémè wà, Ọ̀pàrá wà. Ṣábẹ̀ ní òkè òkúta tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá gùn. Kétu ní Akaba Idẹna. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí ọmọ bá gun òkè Ṣábẹ̀, ta ni ń sọ fún un pé àwọn baba rẹ̀ sá sí orí rẹ̀ nígbà ogun? Nígbà tó bá ya fọ́tò lẹ́nu Akaba Idẹna, ta ni ń sọ ọdún 1886 fún un? Bí ìgbafẹ́ bá dé sọ́dọ̀ wa kí ìtàn tó dé, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa sọ ìtàn wa fún wa, wọ́n á sì máa gba owó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Agoué, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn bàbá yín ti Bàhíà padà wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá mọ orúkọ àdúgbò, ìran orin, tàbí oríkì tó kù ní èdè wa níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó parun. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kò ní pẹ́ títí láyé.